Ó Dé Bọ́mà, Ìwé Rẹ̀ Kò Kúrò Nílé

Ẹni tí ó bá gba Mọ́kọ́lá kọjá nínú ìlú Ìbàdàn yóò rí bárékè ṣójà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Letmauk, orúkọ tí awakọ̀ ń pè, tí ọlọ́jà ń pè, tí ọmọ ilé-ìwé ń pè lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn dúró bèèrè ilẹ̀ tí orúkọ náà ti wá. Ìletò kan ni Letmauk ní ilẹ̀ Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kojú àwọn ará Jàpáànì ní ọdún 1945. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dodan, bẹ́ẹ̀ ni Arakan, bẹ́ẹ̀ ni Kalapanzin, tí wọ́n ti di orúkọ bárékè ní Èkó àti ní Kàdúná. Bẹ́ẹ̀ sì ni Marda àti Abalti, tí ó ti ilẹ̀ Ẹtiópíà wá, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ja ogun Hítílà ní 1941. Ìjọba kò gbàgbé àwọn ibi wọ̀nyí, ó fi ọ̀dà kọ wọ́n sí ẹnu géètì fún gbogbo ayé kà. Ohun tí ó ń dùn mí, tí mo sì fi gbé kálàmù lónìí, ni pé nínú àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn ra orúkọ wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ó lọ sí sàréè pẹ̀lú ìwé dísíṣáàjì tí kò sọ pé wọ́n tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan etí òkun rí.

Láti Ìbàdàn, ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Ọ̀yọ́ Aláàfin gba Fìdítì, ìlú ọlọ́sàn, kọjá, ó sì kọjá lẹ́bàá Ìlọrà kí ó tó dé Ọ̀yọ́. Ọ̀nà yìí kan náà ni ogun gbà wá bá àwọn ìlú tí a ń pè ní Afijió lónìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1943, ní Ìbàdàn, ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ aláǹtakùn; kí ọdún náà tó parí, a ti dá Kejìlélọ́gọ́rin tẹ̀lé e. Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, aláṣẹ èkejì òrìṣà, tí ọwọ́ rẹ̀ ká gbogbo àgbègbè yìí. Àwọn ọba àti ìjòyè sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rán níṣẹ́ pé kí wọ́n wá ọmọkùnrin tí egungun rẹ̀ le wá fún ogun. Àwọn kan lọ nítorí owó oṣù, àwọn kan lọ nítorí pé wọ́n fẹ́ rí ayé, àwọn mìíràn sì lọ nítorí pé ẹnu àgbà ti sọ pé kí wọ́n lọ, a kì í sì í kọ ọ̀rọ̀ àgbà kí a jókòó sílé.

Àwọn baba wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n tábìlì akọ̀wé ogun kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Èdè Haúsá ni èdè tí ó gbilẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà láti ìgbà tí Lugard ti dá a sílẹ̀ ní 1897, akọ̀wé tí ó bá sì jókòó láti gba orúkọ ọmọ Yorùbá lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin a dúró, a dárúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, akọ̀wé a kọ èyí tí etí rẹ̀ gbé. Bí ó bá wá kan orúkọ baba, tí ìyẹn sì ṣòro láti kọ, orúkọ ìlú ni a óò fi dí àyè rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí ó jẹ́ Òjó ní ilé rẹ̀ ní Fìdítì ṣe lè di Òjó Fìdítì nínú ìwé, tí Làmídì ará Ìlọrà sì lè di Làmídì Ọ̀yọ́, nítorí pé Ọ̀yọ́ ni akọ̀wé ti gbọ́ rí. Ọjọ́ orí náà, àfojúbù ni. Orúkọ tuntun yìí, àti nọ́ńbà kan tí lẹ́tà NA ṣáájú rẹ̀, ni ó bá ọmọ ọlọ́mọ wọ ọkọ̀ ojú omi, tí orúkọ tí baba rẹ̀ fi ń kì í sì dúró sílé dè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí wọ́n lọ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìwé máa ń fò. Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà ni ẹgbẹ́ Kọkànlélọ́gọ́rin gúnlẹ̀ sí ní 1943. Kò pẹ́ tí a fi darí wọn sí Arakan, sí àfonífojì odò Kaladan, ilẹ̀ òkè àti igbó kìjikìji tí ọkọ̀ kankan kò lè wọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà níbẹ̀, ọ̀nà jíìpù tí ó gùn tó máìlì 75, tí wọ́n fi ṣọ́bìrì àti àdá gé gba orí òkè kan sí òkè kejì. Nígbà tí ọ̀nà sì parí sí ibi tí ó parí sí, orí ni wọ́n fi ń ru ìbọn ńlá, ọta, oúnjẹ àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Láti òfuurufú ni bàálù ti ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn fún oṣù púpọ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá mìíràn tí a bọ́ pẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ojú ọ̀run. Àwọn bàtálíọ̀nù mẹ́ta láti Nàìjíríà, Kẹfà, Keje àti Kejìlá, ni a yọ kúrò lára wọn tí a fi fún ọ̀gágun Wingate, tí bàálù sì gbé wọn lọ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá, sí àárín igbó tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá wo iwájú, ọ̀tá ni, bí wọ́n bá wo ẹ̀yìn, ọ̀tá náà ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1945 ni àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba Myohaung, olú-ìlú àwọn ọba Arakan àtijọ́. Lápapọ̀, àwọn tí ó lọ sí ìhà ibẹ̀ láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ju 80,000 lọ. Ènìyàn tí ó la èyí já, tí ó padà sílé, tí ìwé rẹ̀ wá ń sọ pé ó sin ọba fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsọ ibi tí ó ti sìn ín, a ti bù lára ọlá rẹ̀.

Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀? Bí a bá rò ó dáadáa, kò yani lẹ́nu. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọkọ̀ ojú omi ṣọ̀wọ́n, àwọn ọmọ wa sì wà ní Íńdíà tí wọ́n ń retí ọkọ̀ títí wọ inú ọdún 1946. Nígbà tí wọ́n délé, ìkánjú ni a fi tú wọn ká. Ìwé tí ó wà ní bárékè nílé ń sọ ti ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọṣẹ́. Ìwé tí ó ń sọ ti ọkọ̀, ti Kaladan, ti ọsibítù ní Íńdíà, wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó wà lójú ogun. Bí orúkọ inú ìwé méjèèjì bá fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀ síra, ènìyàn méjì ni akọ̀wé rí: ọ̀kan tí ó wọṣẹ́ tí kò lọ ibì kankan, àti ọ̀kan tí ó jagun tí a kò mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ẹni tí ó ni orúkọ sì dúró níbẹ̀, kò mọ̀wé, ilé ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó tẹ àtàǹpàkò sí ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sí, ó gba owó rẹ̀, ó wá ọkọ̀ ilé.

Nínú ìtàn àwọn ará Bọ́mà wa, èyí tí ó fi hàn kedere bí ìwé ogun ṣe lè jìnnà sí òtítọ́ ni ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ní 1942, ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a sì fi í sí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì yọ sí wọn ní etí odò ní Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun itan Fadoyebo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká, òun àti David Kagbo láti Sierra Leone nìkan ni ó sì kù sẹ́yìn láàyè. Nínú ìwé ogun, ẹni tí a kò rí mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè! Fún bí oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ fi pa wọ́n mọ́, tí wọ́n ń bọ́ wọn láti inú ìwọ̀nba ìrẹsì tí wọ́n ní, títí àwọn ọmọ ogun Gurkha fi dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Fadoyebo padà sílé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1999. Ó kú ní 2012, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn Barnaby Phillips ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù fún ayé rí. Ohun tí ó gbà á kúrò nínú àwọn tí a kò rí mọ́ ni pé ó wà láàyè láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àti pé ó mọ̀wé kọ. Èwo ni ti ẹni tí kò mọ̀wé, tí ó dákẹ́ títí ó fi kú? Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlá lásán ni. Ní 1945 ni ìjọba ṣe òfin kan tí ó fi dandan lé e pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ ńlá fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ogun bọ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò sì gún, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Ní 2018, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya £11.8 mílíọ̀nù sọ́tọ̀, tí ẹgbẹ́ Royal Commonwealth Ex-Services League wà nídìí rẹ̀, kí àwọn arúgbó tí ó jagun fún ọba kí orílẹ̀-èdè wọn tó gba òmìnira, àti àwọn opó wọn, lè máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ̀rí iṣẹ́ ogun ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Opó tí ó tọ́jú ìwé ọkọ rẹ̀ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Èyí tí eku ti jẹ ìwé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ àpótí, kí ni yóò fi hàn?

Ọ̀nà àtúnṣe wà, bí ó tilẹ̀ gùn. Nọ́ńbà ni kí a kọ́kọ́ wá, ṣáájú orúkọ, nítorí pé orúkọ lè yí padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ akọ̀wé mẹ́ta, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣójà kì í sábà yí. Ó lè wà nínú ìwé owó oṣù, lẹ́yìn fọ́tò, tàbí lára páálí kékeré tí a fi di mẹ́dà ránṣẹ́ sílé. Nípa mẹ́dà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé rò pé bí mẹ́dà bá ti wà, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ mú ìràwọ̀ Bọ́mà lọ́wọ́ kí ẹ wò ó: ẹnu mẹ́fà ni ó ní, àmì ọba Jọ́ọ̀jì wà láàárín rẹ̀, aṣọ tí ó so ó rọ̀ jẹ́ aró dúdú, ó ní pupa láàárín, ó sì ní ìlà aláwọ̀ ọsàn kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì. Ẹ wá yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ borokoto. Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sí ara mẹ́dà ogun náà gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe sí ti ogun Káísà, nítorí náà ìràwọ̀ lè ti ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró ní kóòtù láti sọ ẹni tí ó gbà á.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, bàtálíọ̀nù ni kí a mọ̀. Bí a bá ti lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bàtálíọ̀nù báyìí ni baba wà, ìyókù wà ní Kew, ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí a to ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ogun ti ìhà Bọ́mà jọ sí abẹ́ àmì WO 172: ọjọ́ tí wọ́n wọ ọkọ̀, ọjọ́ tí wọ́n sọdá odò, ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí bàálù ju oúnjẹ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè lọ kà á. Ọmọ Fìdítì tàbí ọmọ Ìlọrà tí ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ó lè gba rélùwéè dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí ó sì padà lálẹ́, kò ní àwáwí. Bí orúkọ ilé àti orúkọ ogun bá yàtọ̀, ìwé ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni a fi ń so méjèèjì pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àgbà ìdílé tí ó mọ̀ pé orúkọ méjèèjì jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo sì gbọ́dọ̀ búra nígbà tí ó ṣì lè rìn dé kóòtù. Lẹ́yìn èyí ni a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Nigerian Legion, tí ó jẹ́ alábàáṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ Royal Commonwealth Ex-Services League tí mo dárúkọ lókè.

Ní ti èmi, mo gbà pé ẹrù yìí ti wúwo jù fún opó àti ọmọ àgbẹ̀. Ìjọba tí ó gba ènìyàn, tí ó fún un ní nọ́ńbà, tí ó gbé e wọ ọkọ̀, ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí ó gbé e dé. Kì í ṣe ẹni tí a fi àṣìṣe kọ orúkọ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa sáré káàkiri ayé láti wá ẹ̀rí pé òun wà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lónìí kì í tilẹ̀ ṣe àwọn ará Bọ́mà mọ́, nítorí pé ẹni tí ó kéré jù nínú wọn yóò ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Lẹ́yìn wọn ni a rí àwọn tí ó lọ sí Kóńgò láti 1960, àwọn tí ó lọ sí Lẹ́bánọ́ọ̀nù láti 1978, àwọn tí ó wọ Liberia pẹ̀lú ECOMOG ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, tí ó sì ti ibẹ̀ dé Sierra Leone, àti àwọn tí ó lọ sí Darfur. Wọ́n wà láàárín wa. Òmíràn ń ṣọ́ géètì ilé ìfowópamọ́, òmíràn ń ta ọsàn ní Fìdítì. Nínú iṣẹ́ ológun, ìrìn-àjò tí kò bá sí nínú ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Part Two Orders, ojú ìwé kò rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ẹni náà gba ọta. Lọ́kọ́jà ni a ń tọ́jú ìwé àwọn ọmọ ogun sí. Kí ṣójà tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìfẹ̀yìntì ní Òṣòdì, ibùdó tí a dá sílẹ̀ ní 1944 nítorí àwọn tí ogun Hítílà sọ di aláàbọ̀ ara, gba ìwé rẹ̀ kà láti òkè dé ilẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n kà, kí ó mú ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n kà dání. Àtúnṣe tí a bá ṣe kí ọwọ́ tó kúrò nínú iṣẹ́ kì í gba ìdajì wàhálà èyí tí a bá ṣe lẹ́yìn ogún ọdún.

Àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ṣójà ní Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa. DD 214 ni orúkọ ìwé ìdásílẹ̀ wọn, ó sì ní àyè kan fún iye oṣù àti ọjọ́ tí ènìyàn fi sìn ní òkè òkun. Bí àyè náà bá ṣófo fún ẹni tí ó lọ sí Ìráàkì, ó lè bèèrè àtúnṣe, kí wọ́n fún un ní DD 215 tí yóò so mọ́ ti àkọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kọ DD 149 sí ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa tún ìwé ológun ṣe. Ọdún mẹ́ta láti ìgbà tí ó bá rí àṣìṣe náà ni òfin fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ lè fojú fo ìyẹn bí ìdí bá wà. Kódà níbẹ̀, iná jó ilé ìwé àwọn ológun ní St. Louis ní oṣù keje 1973, fáìlì bíi mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún sì ṣègbé. Síbẹ̀ wọ́n ń fi ìwé owó oṣù, ìwé ọsibítù àti ẹ̀rí ẹgbẹ́ ẹni tún ohun tí iná jó kọ. Ohun tí mo fẹ́ kí Nàìjíríà kọ́ níbẹ̀ ni pé òfin dárúkọ ẹni tí a ó mú ẹ̀hónú lọ bá, ó sì ní kí ẹni náà dáhùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn ṣójà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ogun bọ̀, tí wọ́n ń béèrè owó wọn. Ọlọ̀tẹ̀ ni ìwé ìjọba pè wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2024, lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, Faransé kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́fà nínú wọn kú fún Faransé. Ó pẹ́, mẹ́fà sì kéré. Ṣùgbọ́n bí Faransé bá lè yí ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ padà, ta ni yóò sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe láti fi Bọ́mà sí ojú ìwé ọmọ Ìlọrà?

Àwọn kan á ní ẹni tí ó kú ti kú. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n nǹkan ìdílé kì í bá olóògbé wọ ilẹ̀. Àbàtà ní í mú odò ṣàn, bàbá ẹni ní í mú ni yan, ọmọ tí kò sì mọ̀ pé baba òun àgbà la ọ̀nà gba orí òkè Arakan ti pàdánù ohun tí ó yẹ kí ó máa fi yan. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní, mo sì sọ ọ́ tìgboyàtìgboyà: kí a má fi irọ́ kan pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò ré kọjá Èkó, kí a má gbé e dé Kaladan nítorí owó. Kí a má sì fi kọ́bọ̀ lé ọwọ́ àwọn oníjìbìtì tí ń wọ ilé opó pé àwọn mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì. Irọ́ ẹyọ kan tí a bá ká mọ́ ìdílé kan lọ́wọ́ yóò mú kí a fi ojú irọ́ wo òtítọ́ ìdílé mẹ́wàá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ Onífìdítì, Alọ́rà ti Ìlọrà, Aláwẹ́ àti àwọn ọba yòókù ní Afijió, pẹ̀lú alága ìjọba ìbílẹ̀ wọn, pé kí wọ́n ṣí ìwé kan ní ààfin kọ̀ọ̀kan, kí a máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tí ó lọ sí ogun òkè òkun sí i: orúkọ ilé, orúkọ ogun, nọ́ńbà, bàtálíọ̀nù, àti ẹni tí ó jẹ́rìí sí i. Kò gba owó púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn opó, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ orúkọ méjèèjì. Ẹ̀yin ọmọ tí àpótí baba wà lábẹ́ ibùsùn yín, ẹ ṣí i ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé tí ẹ bá rí níbẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí ó súnmọ́ yín jù lọ.